Akéde, atọ́kùn àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀: èwo ni ká pe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ orí afẹ́fẹ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á pa “sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀” tì, kí á máa pe gbogbo ẹni tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ lórí rédíò, tẹlifísàn àti ayélujára ní “akéde”, nítorí pé lójú ẹni tó dá àbá náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jọ orúkọ aláròyé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo gbà pé akéde wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí a fi kan sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀, “sọ” àti “ọ̀rọ̀”, ni a pè lẹ́ẹ̀mejì tó fi di orúkọ, bí a ti ṣe rí panápaná, gbẹ́nàgbẹ́nà àti woléwolé. Iṣẹ́ tí ènìyàn yàn láàyò ni irú àpètúnpè bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí. Lóòótọ́, kólékólé àti gbọ́mọgbọ́mọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà tí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn dárúkọ ló bà wọ́n jẹ́, àpètúnpè kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní ti akéde, rírán ni a ń rán an: yóò lu agogo, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí ọba rán an. Orúkọ yìí bá ẹni tó ń ka ìròyìn, ìkéde òkú àti ìpolówó ọjà mu, nítorí ohun tó wà nínú ìwé ló ń sọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Síbẹ̀ ohùn ni akéde lè tún ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí irú ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ni fífi àmì ohùn sí ìwé rẹ̀ kó tó jókòó, torí pé “oko komisanna baje lona” tí kò ní àmì lè mú kó kéde lórí afẹ́fẹ́ pé ọkọ obìnrin kan ló bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni.

Atọ́kùn yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀dọ̀ eégún ni a ti yá a: òun ló ń tọ́ eégún sọ́nà, tó ń fi pàṣán lé èrò sẹ́yìn, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yà. Ohun tí olórí ètò ń ṣe fún àlejò rẹ̀ àti fún àwọn tó ń pè wọlé gan-an nìyẹn, kò sì sí ìwé tí yóò kà tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń dá elébùú dúró láì tàbùkù ara ẹni.

Ẹnì kan tún bi wá bóyá “asọ̀rọ̀mágbèsì” tí a ń pe rédíò kò ti di irọ́ báyìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn wọ àpótí inú ilé àwọn oníbàárà ní Èkó ní 1935, ó bá a mu régí, torí àpótí yẹn ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifísàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959. Lónìí, kí atọ́kùn tó parí gbólóhùn kan lórí Facebook, èsì ti kún abẹ́ àwòrán rẹ̀. Ṣé kí á wá sọ ọ́ di asọ̀rọ̀gbèsì ni? Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ (mo tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀) orí omi ni kó tó gun títì, kó tó fò lójú òfuurufú, a kò sì yí orúkọ rẹ̀ padà.

Nítorí náà, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jẹ́ orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà, kí akéde àti atọ́kùn wà lábẹ́ rẹ̀, kí á sì fi agbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, nítorí òun ló ń gbé ohùn sí afẹ́fẹ́ ní tòótọ́. Èyí tó kù tí mi ò rí ojúùtú sí ni ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù bó ṣe ń lọ lọ́wọ́: kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti akéde, kò sì sí eégún tó ń tọ́. “Aṣàpèjúwe” kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?