Màmá fẹ́ gbé èédú wọ yàrá ọmọ ní Montréal torí iná lọ, kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá_Ìbejì_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, mi ò tíì fojú kan oorun láti àná. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Montréal ní Kánádà, ìyàwó ẹ̀ bímọ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, màmá wa sì lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Màmá tí wọn ò rìn kọjá Cotonou àti Ìdìrókò rí láyé wọn o, wọ́n wá lọ já sínú yìnyín.

Àná ni òjò kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àbúrò mi ní bó bá ti kan igi tàbí wáyà báyìí ló ń dì mọ́ ọn, ẹ̀ka igi á wúwo títí á fi já lu wáyà, bí iná ṣe lọ nìyẹn. Ìgbà tí òjò dá ni òtútù wá le, ó ní ìta ti di 14 nísàlẹ̀ òdo. Àwa níbí, iná lọ, ta ló ń pariwo, a ó tan tọ́ọ̀ṣì a ó gbé àga síta. Ṣùgbọ́n iná yẹn náà ló ń mú ilé tiwọn gbóná, kò sí gáàsì, kò sí igi, wọ́n ń wo ilé bó ṣe ń tutù lọ.

Màmá wá rí àpò èédú ní bákónì, èyí tí àbúrò mi fi ń yan ẹran nígbà ooru. Wọ́n ní kó gbé e wọlé, kó dá a sínú ìkòkò, kí yàrá ọmọ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ìkòkò iná sí yàrá abiyamọ nílé wa nígbà ọyẹ́. Àbúrò mi ní kò ṣeé ṣe láéláé, ó lè pa gbogbo wọn. Màmá bínú. Wọ́n ní ṣé èédú tí àwọn fi tọ́ ọmọ mẹ́fà ló wá di májèlé. Báyìí wọn ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ó wá ní kí èmi àkọ́bí pè wọ́n, pé èmi ni wọ́n máa ń gbọ́ tèmi. Bátìrì fóònù ẹ̀ sì ti ń lọ. Kí ni kí n sọ tí kò ní jọ pé mo ń bú ìyá mi? Kí ni wọ́n sì lè ṣe fún ọmọ títí iná á fi dé, wọ́n ní ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọ_Alákétu

Ìyá ìbejì ẹ pẹ̀lẹ́. Mo gbé Québec, ìpínlẹ̀ tí Montréal wà, fún ọdún mọ́kànlá kí n tó padà sí Kétu ní Benin níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe kókó kí bátìrì yẹn tó kú. ÀBÚRÒ YÍN LÓ JARE. Kí wọ́n má gbé èédú wọlé, kí wọ́n má sì tan gúrúpù (jẹnẹrétọ̀) sínú ilé tàbí sí bákónì. Ẹni tó bá ní gúrúpù, kó gbé e jìnnà sílé tó mítà mẹ́fà ó kéré jù, kí ẹnu èéfín ẹ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún màmá nìyí. Ẹ má sọ pé èédú burú. Ẹ sọ pé ilé ni kò jọra. Ilé wa níbí ń mí, fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ kì í pa dé tán, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lásán ni, atẹ́gùn ń gba abẹ́ páànù wọlé. Síbẹ̀ náà ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn àwọn tó gbé èédú tàbí gúrúpù wọ yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn tí wọn ò jí mọ́. Ilé ọ̀hún wá burú jùyẹn lọ, gíláàsì méjì méjì ni wọ́n fi ṣe fèrèsé, gbogbo ojú ihò ni wọ́n dí nítorí òtútù. Gáàsì èédú tó bá jó nínú ẹ̀, kò ní ibi tó máa gbà jáde. Kò tún jọ èéfín igi tó máa ta ojú kéèyàn sá o, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ ò tó.

Ohun tí wọ́n máa ṣe: kí gbogbo wọn kó sínú yàrá kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù tí oòrùn ń wọ̀ lọ́sàn-án. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yòókù pa, kí wọ́n ká aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà, kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kọ́ fèrèsé ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lórí ara wọn sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára. Àbẹ́là, kí wọ́n fi í sílẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n lò, aṣọ ti pọ̀ jù nínú yàrá yẹn.

Tí ó bá wá tutù jù kí wọ́n má ṣe akọni. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìjọba ìlú máa ń ṣí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti mú gbóná fáwọn èèyàn, kí ó pe 311 kó béèrè èyí tó sún mọ́ wọn.

Tàǹtí_Nọ́ọ̀sì

Mo fara mọ́ ti Ọmọ Alákétu. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọ kún un.

Gáàsì tí èédú ń tú jáde yẹn, ẹ̀jẹ̀ máa ń gbà á mọ́ra ju atẹ́gùn rere lọ, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń kú wọ́ọ́rọ́wọ́ àfi bí ẹni tó sùn lọ. Àmì ẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, kí àárẹ̀ kan ṣàdédé mú gbogbo ará ilé pa pọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé orí ń fọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òtútù tàbí kò sí òtútù, kí wọ́n pe 911. Ọmọ ìkókó àti aboyún ló ń tètè mú.

Fún ọmọ náà: kí ìyá ẹ̀ tú u sí pátá àti fìlà nìkan, kó gbé e lé àyà lásán, ara kan ara, kí wọ́n wá fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, kí ojú ọmọ wà níta. Kò sí ẹ̀rọ tó gbóná tó àyà ìyá. Bàbá náà lè gbà á, màmá náà lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e gbọ́dọ̀ wà lójúfò o, kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má sùn lé e lórí. Wọn ò gbọ́dọ̀ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n kó bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Ọmú ni kó máa mu ṣáá. Tí wọ́n bá fọwọ́ kan àyà ọmọ tó tutù, tàbí tí ó rọ tí kò fẹ́ mu ọmú, kí wọ́n má dúró de iná, kí wọ́n pe 911.

Baba_Fẹrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ̀ ń dẹ́rù bani jù. Èédú la fi dàgbà. Ìyá mi àgbà sun èédú nínú yàrá títí ó fi pé àádọ́rùn-ún ọdún, kí ló ṣe é? Ìwé ló pọ̀ lórí yín.

Ọmọ_Alákétu

Baba, mo júbà ìyá yín àgbà, ilé alámọ̀ tó ń mí ni wọ́n sùn, ẹ sì dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí wọ́n sọ fún mi níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, irú òjò tó ń dì yìí rọ̀ ní Québec láti ọjọ́ karùn-ún dé ọjọ́ kẹwàá. Òpó irin ńláńlá ìlà mànàmáná ṣubú lulẹ̀ bí igi oko, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn tó wà lókùnkùn, àwọn míì ní gúúsù Montréal ju oṣù kan lọ. Ìgbà yẹn ni àwọn kan gbé gúrúpù àti ohun ìdáná ìta wọlé, wọ́n bá kú, kì í ṣe òtútù ló pa wọ́n. Èmi wà ní Kétu níbí ní 1998, ọdún yẹn kan náà ni omi lọ sílẹ̀ ní ìsédò Akosombo ní Gánà tí iná tiwa ti ń wá, tí àwa náà ń jẹ délestage (iná mímú lọ ládùúgbò-ládùúgbò), ẹ̀yin àgbà á rántí. A bú gbogbo èèyàn tán nígbà yẹn. Èmi ò mọ̀ pé ibì kan wà tí délestage ti lè pa èèyàn nínú yàrá ara ẹ̀.

Mo gbàgbé omi! Omi tó wà nínú páìpù máa ń dì tí ilé bá tutù gan-an, páìpù á bẹ́, ìgbà tí yìnyín bá wá yọ́ ni ilé á kún fún omi. Kí wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀ kó máa kán tó-tó-tó. Tí wọ́n bá máa kúrò nílé, kí wọ́n pa omi níbi tó ti ń wọlé, kí wọ́n ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ kó gbẹ. Kí wọ́n sì pọn omi mímu sí bàsíà nísinsìnyí.

Ẹlẹ́ja_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú làálàá. Ẹja tútù ni mo ń tà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ firísà ni tèmi, mo ti sọkún lórí ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀rùn ọdún kan, páálí ẹja méje ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, torí mò ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà bóyá ó ṣì dì. Ẹ MÁ ṢÍ I. Firísà tó kún dáadáa lè gbé e fún wákàtí 48, ìdajì ẹ̀ á ṣe bíi 24, fúríjì lásán wákàtí mẹ́rin ni. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa Kánádà hahaha.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè o, ṣé wọn ò kàn lè kó oúnjẹ síta nínú yìnyín ni? Ọlọ́run ti fún wọn ní firísà ọ̀fẹ́.

Ọmọ_Alákétu

@Ẹlẹ́ja_Ṣábẹ̀ẹ́ gbogbo wa la kọ́kọ́ ń rò bẹ́ẹ̀ tá a bá dé ibẹ̀. Oòrùn á yọ, á yọ́ apá kan, ẹranko tí wọ́n ń pè ní raton á sì kó ìyókù lọ. Inú kúlà tó ní ìdérí ni kí wọ́n kó o sí, ní bákónì, níbi tí oòrùn ò dé.

Ìyá ìbejì, tí àbúrò yín bá ní mọ́tò, ó lè fi ṣájì fóònù, ṣùgbọ́n kó gbọn yìnyín kúrò lẹ́nu èṣọ̀ọ̀sì kó tó sítáàtì, kó má sì ṣe é nínú gàráàjì. Gáàsì kan náà ni. Ìgbà tí kò bá lò ó, kó fi fóònù sí abẹ́ aṣọ lára ẹ̀, òtútù máa ń jẹ bátìrì.

Ìyá_Ìbejì_Àjàṣẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Olúwa á máa bá wa tọ́jú àwọn tó wà lókèèrè.

Mo pe màmá. Mi ò sọ̀rọ̀ èédú rárá níbẹ̀rẹ̀, mo kọ́kọ́ bi wọ́n pé báwo ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọn níbẹ̀ ṣe rí, ṣé eku lè gbà á kọjá. Wọ́n ní eku kẹ̀, pé èèrà gan-an ò lè kọjá. Mo ní ṣé ẹ rí i, èéfín yẹn náà ò ní ríbi gbà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní kí ló dé tí ọmọ òun ò ṣàlàyé báyìí, tó kàn ń lọgun mọ́ òun.

Mo wá sọ ti Tàǹtí Nọ́ọ̀sì, pé àyà ni kí wọ́n gbé ọmọ lé, ara kan ara. Inú wọn dùn débi pé wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí ohun tí wọ́n ń fi ọ̀já ṣe láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn, wọ́n kàn yí i sí iwájú ni. Àwọn ló kọ́kọ́ gbà á. Yàrá kan ni wọ́n wà báyìí, wọ́n ti fi ìró màmá méjèèjì kọ́ fèrèsé lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ_Alákétu

Ẹ ṣeun. Èyí tó kẹ́yìn: tí iná bá ń pa dà bọ̀, kí wọ́n má tan gbogbo ṣofáàjì (ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná) lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n fi gílóòbù kan sílẹ̀ ní títàn tí wọ́n á fi mọ̀ pé iná dé, kí wọ́n wá máa tan ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo àdúgbò bá jọ fà á lẹ́ẹ̀kan ó lè tún já.

Ìyá_Ìbejì_Àjàṣẹ́

Iná dé o! Aago mẹ́rin ìdájí tiwọn, aago mẹ́wàá tiwa, inú ọjà ni mo wà. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ péré. Ọmọ wà dáadáa, ó ń mu ọmú. Àwọn ò dé gbọ̀ngàn ìlú rárá.

Màmá ti ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó gbé èédú náà padà sí bákónì kó má dà á nù, pé tí ooru bá dé kí àwọn tó máa padà wálé, àwọn á fi yan ẹja fún un.