Ní Broward tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ibo ló ga jù tí kì í ṣe àfọwọ́dá?

Àkànbí954
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Káúńtì Broward ní Florida ni ìbéèrè mi dá lé. Bí a bá wo máàpù, òkìtì ààtàn ńlá ìhà Pompano Beach ló yọrí ju gbogbo ibi lọ, ó lé ní 200 ẹsẹ̀ bàtà. Pàǹtí ni wọ́n sì kó jọ síbẹ̀, kì í ṣe òkè. Ilẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a ni mò ń wá. Ibo ló ga jù, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀? Áàpù GPS orí fóònù ń sọ pé mo wà ní ogún mítà nísàlẹ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi gbẹ.

Ìyá_Ìbejì_FL
Pine Island Ridge ni, ní Davie, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tree Tops Park. 29 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n máa ń kọ fún un, kò pé mítà mẹ́sàn-án. Òkìtì iyanrìn gígùn kan ni. Nígbà tí omi Everglades, irà ńlá gúúsù Florida, ṣì ń kún dé ibẹ̀, erékùṣù ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn Seminole, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, fi tẹ̀dó sí i, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti kọlù wọ́n ní 1838. Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là, igbó tí wọ́n dáàbò bò ni.

Sọ́fíyọ̀_Ọ̀yọ́
Ìdáhùn ti dé, ó ku ẹ̀rí.

Ẹ fi ti fóònù sílẹ̀ ná. GPS kì í wọn gíga láti ojú òkun, ojú àwòṣe ayé kan tí wọ́n fi ìṣirò dá ló ti ń wọ̀n ọ́n. Ní gúúsù Florida, òkun fi nǹkan bí mítà 26 rẹlẹ̀ sí àwòṣe yẹn. Ẹni tó dúró síbi tó ga ní mítà 4 yóò rí −22 bí áàpù rẹ̀ kò bá ṣe àtúnṣe. Bó tilẹ̀ ṣe é, àṣìṣe mítà mélòó kan ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ya ibì kan sí èkejì ní Broward lè má tó mítà kan. Èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ wọn gíga kò sàn jù ú lọ: bí agbára afẹ́fẹ́ bá yí padà ní hPa (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) kan péré, nǹkan bíi mítà 8 ló sọnù yẹn.

Lidar ni kí ẹ lò, ìyẹn ìtànṣán lésà tí wọ́n ń tàn sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú láti fi wọn gíga ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí National Map, ojúlé máàpù ti USGS, àjọ tó ń wọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́kọ́ gba DEM (máàpù gíga ilẹ̀) onímítà 10 ti káúńtì náà, èyí tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10, nítorí ti onímítà kan wúwo, kọ̀ǹpútà kékeré á dákú. Ẹ gba ààlà káúńtì látinú TIGER/Line, fáìlì ààlà ti Census, àjọ ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà, kí ẹ kó méjèèjì sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù, kí ẹ fi *Clip Raster by Mask Layer* gé e. Lẹ́yìn náà, nínú *Raster Calculator*, ẹ ní kó fi gbogbo ibi tó ju mítà 6 lọ hàn, kí ẹ wá ṣe *Polygonize* kí ibi kọ̀ọ̀kan lè dá dúró. Ẹ má gbé e sókè ju 6 yẹn lọ: DEM onímítà 10 máa ń tẹ orí òkìtì kékeré ba. Ibi tó bá jọ òkìtì gidi nìkan ni kí ẹ wá lọ gba onímítà kan fún.

Ohun tó máa yọ á pọ̀, àfọwọ́dá ló sì máa pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó bá gùn gbọọrọ lẹ́bàá kánáálì, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú kánáálì ni. Wọ́n ti yọ afárá kúrò nínú DEM, ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ tí mọ́tò ń gbà gun afárá ṣì wà níbẹ̀, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Òkìtì róbótó-róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún kéékèèké, pápá gọ́ọ̀fù ni. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ lọ sí topoView, ojúlé máàpù àtijọ́ ti USGS, kí ẹ wo ti ibẹ̀. Òkìtì tí kò sí níbẹ̀ nígbà náà, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbà á. Ẹ rántí pé ìlà gíga wọn sábà máa ń fi ẹsẹ̀ bàtà 5 jìnnà síra, òkìtì kékeré lè há sáàárín ìlà méjì.

Àkànbí954
Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Òkìtì gígùn Atlantic Coastal Ridge tó gba ìhà òkun kọjá ńkọ́? Lórí Pine Island Ridge, lidar lè má kọ 29.

Sọ́fíyọ̀_Ọ̀yọ́
Ẹ fi Coastal Ridge sínú àyẹ̀wò. Ojú irin Florida East Coast ló gba orí rẹ̀, nítorí náà ẹ yọ yẹ̀pẹ̀ ojú irin kúrò kí ẹ tó ka iye.

Ní ti 29, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíga ló yàtọ̀: máàpù àtijọ́ ń lo ìlànà NGVD 29, lidar ń lo ìlànà NAVD 88, iye tí tuntun ń kọ sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ kéré sí ti àtijọ́ lágbègbè yẹn. Bí 29 yẹn bá jẹ́ ti àtijọ́, 27 àbọ̀ ni lidar máa kọ, ilẹ̀ kò sì rì. Ẹ má fi ti máàpù kan wé ti èkejì láìyọ ìyàtọ̀ yìí.

Ìyá_Ìbejì_FL
Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pinnu ohun tí ẹ máa ṣe sí òkìtì ìkarahun àti ibojì tí àwọn onílẹ̀ àtijọ́ mọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe eré wíwá ibi tó ga jù kò kà wọ́n sí ti àdáyébá, èmi náà kò kà wọ́n. Ẹ má sì gun wọ́n.

Sọ́fíyọ̀_Ọ̀yọ́
Òótọ́ ni. Ó ku ibi tó ga jù gan-an lórí òkìtì náà, torí orí rẹ̀ tẹ́. Lórí ilẹ̀ gbalasa, àṣìṣe lidar kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ṣùgbọ́n lábẹ́ igi oákù àti saw palmetto (ọ̀pẹ kúkúrú ibẹ̀), ìtànṣán lè má kan ilẹ̀ rárá, orí ewé ló máa kà bí ilẹ̀. Bí ibi méjì bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 jura lọ, lidar kò lè dá ẹjọ́ wọn.

Rọ́bà omi tí bíríkìlà ń lò nílé ló máa dá a, torí ojú omi ẹnu méjèèjì máa ń wà ní ìpele kan náà. Ẹ ra èyí tó mọ́ gaara, mítà 15, kí ihò rẹ̀ tó mìlímítà 10. Ẹ rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀ láti apá kan kí afẹ́fẹ́ lè jáde, torí ìhó afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tó há sínú rẹ̀ á ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu méjèèjì bí ẹ bá ń rìn, ẹ ṣí méjèèjì kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì gbé rúlà tí ẹ fi ń wọn ilẹ̀ dé ojú omi kalẹ̀ sórí iyanrìn, kì í ṣe sórí gbòǹgbò tàbí ilé èèrà. Lẹ́yìn ibi tó kẹ́yìn, ẹ wọ̀n ọ́n padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 yàtọ̀, ẹ tún un wọ̀n.