Tírélà gbá ọkọ mi l'Ódógunyàn, mánígà wọn ò gbé ìpè mi mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Sùlìá
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí lóru, ẹ má bínú tó bá gùn.

Ọkọ mi ni fọkanáísà tó wà létí títì Ṣágámù l'Ódógunyàn, lábẹ́ igi mángòrò, níbi tí táyà funfun mẹ́ta wà lórí ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, ó ń ha ara tíúbù kó lè fi súlúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́, ni tírélà tó kó irin bá fi títì sílẹ̀. Wọ́n ní búréèkì ló já. Oníkẹ̀kẹ́ bẹ́. Ọkọ mi ò ríbi bẹ́ sí. Irin kan yọ̀ wá lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, egungun itan dá sí méjì. Ẹran Iléyá ṣì wà lórí iná nílé lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ní kó jáde lọ wá owó ata. Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbàgbé. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń rò ó fún.

Mánígà ilé iṣẹ́ tó ni tírélà wá lọ́jọ́ kejì. Ó gbé páálí mọ́ọ̀tì kan wá, búrẹ́dì méjì, ọsàn. Ó ń pè mí ní mọ́mì. Ó ní, "Mọ́mì, ilé iṣẹ́ wa kì í sá." Ọkùnrin yìí jẹ àmàlà nílé mi o! Báyìí mo pè é títí, kò gbé e. Mo fi nọ́ńbà ọmọ mi pè é, ó gbé e, bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló gé e. Àbúrò ọkọ mi tó wà l'Ágríìkì ò mú kọ́bọ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú mánígà yìí?

Ọmọ Ìjẹ̀dé
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé tírélà yẹn kúrò o. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn, nọ́ńbà, orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ pe Road Safety sórí 122. Kí ọlọ́pàá MTD, àwọn tó ń rí sí jàǹbá ọkọ̀, wá wọn ilẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n yà á sínú ìwé kí òjò tó fọ̀ ọ́ lọ.

Ìyá Fáúsì Alákàrà
Ah, títì agbègbè wa yìí ti jẹ èèyàn tó. Àbúrò mi obìnrin, típà yanrìn ló gbá a l'Ítòìkín, ó ń lọ sí ọjà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Ẹja túká sójú títì, àwọn èèyàn ń ṣa ẹja kí wọ́n tó gbé òun fúnra rẹ̀. Mi ò lè gbàgbé. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ gbé e dé ní àfi ká mú owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì Tọ́pẹ́
Ìyá Fáúsì, òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní ọsibítù kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, wọ́n lè san 100,000 náírà tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6.

Ìyá Fáúsì Alákàrà
Òfin wà nínú ìwé, àbúrò mi wà nílẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé
Ìyá Sùlìá, ẹ kú àìsùn. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, akọ̀wé kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ẹjọ́ yìí sì ti gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa. Ọjọ́ wo gan-an ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó dé tẹ́ṣọ̀n? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti fọwọ́ sí ìwé kankan? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti tọ́jú ẹsẹ̀ náà?

Ìyá Sùlìá
Ẹ ṣé sà. Ó dé tẹ́ṣọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tú tírélà náà sílẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọsibítù ya àwòrán ẹsẹ̀, wọ́n wá pe owó iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀rù bà wá, la bá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to egungun l'Ágbọ̀wá. Àgbà ni bàbá yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ mánígà yìí ló ká mi lára jù.

Nọ́ọ̀sì Tọ́pẹ́
Egungun itan! Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ a-to-egungun! Ọsibítù egungun tó wà n'Ígbóbì ńkọ́? Ọjọ́ tí kóòtù bá béèrè ìwé dókítà, ẹ máa mú ewé àti pákó ọparun wá?

Alákòóso Ọkọ̀ Ògòlòǹtò
Ẹ fi ìyá náà sílẹ̀. Èmi yìí, bàbá kan ní Ìmọ̀ta ló to apá mi lọ́dún 2011, mo ń fi gbé àpò sìmẹ́ǹtì dòní. Àwọn tó lọ Igbóbì náà, òmíràn ń rọ.

Nọ́ọ̀sì Tọ́pẹ́
Apá kì í ṣe itan, ọ̀gá.

Alákòóso Ọkọ̀ Ògòlòǹtò
Egungun ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dé
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Mà, ẹ lọ pe ẹjọ́ ní kóòtù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Small Claims, ó yá kíá, owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́.

Bàbá Akọ̀wé
Gbèsè ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ọmọ mi: owó tí iye rẹ̀ dájú, tí ẹnì kan jẹ ẹnì kejì. Ẹsẹ̀ tó dá ò ní iye lára, kóòtù ló máa díye lé e, ẹjọ́ májísírétì gan-an tàbí High Court ni. Mánígà kọ́ lẹ ó sì pè lẹ́jọ́, Ìyá Sùlìá. Awakọ̀ ni, àti ẹni tó ni tírélà, torí ẹnu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló wà nígbà tó gbá èèyàn. Inṣọ́ránsì náà ń bẹ. Dandan ni third party fún gbogbo ọkọ̀, irú ẹni bí ọkọ yín gan-an ló sì wà fún. Ẹ tẹ *565*11#, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó bóyá ojúlówó ni.

Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ọjọ́ wo? Ìwé wo?

Ìyá Sùlìá
Mo ní fọ́tò nọ́ńbà iwájú rẹ̀, ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan ni, lórí WhatsApp. Nọ́ńbà pupa ni. Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé wọ́n ṣì lè ti mánígà mọ́lé?

Ìyá Fáúsì Alákàrà
Dúró ná. Ìyá Sùlìá, ṣé kì í ṣe Bàbá Sùlìá abẹ́ mángòrò? Mo rà epo níwájú ibẹ̀ lána, òun fúnra rẹ̀ ló ń fún kẹ̀kẹ́ láfẹ́fẹ́, igi wà lábíyá rẹ̀. Mo ti ń rí igi yẹn láti Iléyá èṣí!

Ọmọ Ìjẹ̀dé
Ṣé Iléyá tó lọ tán yìí kọ́ ni ìyá ń sọ ni?

Ìyá Sùlìá
Ìyá Fáúsì, ẹ kú ojú lọ́rọ̀ ẹni o.

Kì í ṣe ti ọdún yìí. Mi ò sọ pé ti ọdún yìí ni. Iléyá ìdúnrin ni, ọjọ́ kẹta ọdún.

Alákòóso Ọkọ̀ Ògòlòǹtò
Ìdúnrin! A wá ń sọ pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé tírélà kúrò!

Ìyá Sùlìá
Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ fi ara yín sípò mi. Lọ́jọ́ kẹta tó ṣẹlẹ̀, mánígà pè mí sí tẹ́ṣọ̀n, ó ní owó ìtọ́jú ló ti dé. 180,000 náírà ni. Ó kọ bébà kan lédè òyìnbó, ó ní kí n tẹ̀ka kí òun lè fi han ọ̀gá òun. Inki aró báyìí, ọjọ́ méjì ló fi wà ní àtàǹpàkò mi. Èmi ò kàwé, kò sẹ́ni tó kà á fún mi. Mo san 70,000 fún bàbá Àgbọ̀wá, mo san owó WAEC Sùlìá, a jẹ ìyókù. Ìgbà tí mo padà lọ pé owó ò tó, ó ní mo ti fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí, tí mo bá dún, òun máa gba owó òun padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́ látìgbà náà. Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo tẹ̀ka. Ó rò pé ìyá òun ló wá owó yẹn.

Nọ́ọ̀sì Tọ́pẹ́
Ẹ gbà 180,000 lórí egungun itan. Ọlọ́run ò.

Bàbá Akọ̀wé
Ẹ jẹ́ kó mí, Nọ́ọ̀sì.

Ìyá Sùlìá, ẹ gbọ́. Bébà yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ̀yin ni tírélà gbá ni? Ọkọ yín ni. Òun ló ni ẹ̀tọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì rán yín láti tà á. Lẹ́yìn náà, òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ẹ béèrè bóyá mánígà kọ tirẹ̀. Lọ́yà wọn yóò jà á, yóò sì fẹ́ kí wọ́n yọ 180,000 yẹn kúrò nínú ohunkóhun tí kóòtù bá fún un, àmọ́ ìyẹn kì í pa ẹjọ́.

Ohun tó lè pa á ni ọjọ́. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni tí àìbìkítà ẹlòmíì bá ṣe léṣe lára ní ọdún 3 láti gbé e dé kóòtù. Tó bá ti kọjá, lọ́yà wọn á kàn dìde sọ pé àsìkò ti lọ, adájọ́ á tú ẹjọ́ ká, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló lọ. Gbogbo pípè tí ẹ ń pe mánígà ò dá aago dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀dé
Iléyá ìdúnrin sí Iléyá tó lọ tán yìí, ọdún 3 ti pé, ó tún ti lé. Ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Ìyá Sùlìá
Hẹn. Mo mọ̀ ọ́n.

Álífà Gbẹ̀rígbẹ̀
Ẹ má tíì sin ín. Oṣù ojú ọ̀run la fi ń ka Iléyá. Ọdọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, ní ọdún 3 ó ti lé ní oṣù kan. Iléyá 2023 bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù, Ọjọ́rú ni, mo rántí torí ọwọ́ mi ni wọ́n fi pa àgbò àdúgbò wa. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ á jẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 30. Ìyá Sùlìá, ṣé Jímọ̀ ni?

Ìyá Sùlìá
Jímọ̀ ni! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni, jálàbíà funfun ló bọ́ sílẹ̀ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́. Jálàbíà yẹn ṣì wà nílé.

Bàbá Akọ̀wé
Álífà, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Ẹ wá káàdì ọsibítù jáde, Ìyá Sùlìá, ká má fi orí sọ ọ́.

Ìyá Sùlìá
Mo ti rí i, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, àwòrán ẹsẹ̀ náà wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú lailọ́ọ̀nù dúdú. Sùlìá kà á fún mi. Ó ní 30/06/23, ìwé dókítà dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ.

Bàbá Akọ̀wé
Ọdún 3 ti òyìnbó kò tíì pé, àmọ́ ẹ kò ní oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, lọ́yà sì ní láti kọ lẹ́tà sí wọn kó tó pe ẹjọ́. Ẹ má lo gbogbo ọjọ́ yẹn tán. Ọ̀la ni kí ẹ lọ sọ́dọ̀ OPD, àwọn lọ́yà tí ìjọba Èkó yàn fún ẹni tí kò lówó, ọ̀fẹ́ ni. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà ń gba ẹjọ́ jàǹbá, fún ẹni tí ohun tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà báyìí. Tí ẹ bá ní lọ́yà tiyín, òmíràn máa ń gbà kó jẹ́ pé inú ohun tí ẹ bá rí ló ti máa yọ owó rẹ̀. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbà.

Ẹ mú káàdì, àwòrán ẹsẹ̀, fọ́tò nọ́ńbà, orúkọ oníkẹ̀kẹ́ tó bẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò báyìí kó kọ bó ṣe rí. *565*11# á sọ inṣọ́ránsì ti òní, ti 2023 ni lọ́yà máa wá. Kó tún bá yín béèrè ìwé MTD ní tẹ́ṣọ̀n.

Alákòóso Ọkọ̀ Ògòlòǹtò
Lọ́yà kan tiẹ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, ó ní kó fọwọ́ sí i.

Bàbá Akọ̀wé
Òfin iṣẹ́ wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́yà kì í lọ kiri wọ́ọ̀dù wá ẹni tó fara pa.

Ìyá Sùlìá
Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣé kí n mú ọkọ mi dání? Nítorí ìrìn ń ni ín lára, mo lè dá lọ.

Bàbá Akọ̀wé
Ẹ mú un dání. Òun ló ni ẹsẹ̀.

Ìyá Sùlìá
Á gbọ́ nípa bébà yẹn nìyẹn.

Bàbá Akọ̀wé
Ẹ sọ fún un lálẹ́ òní.

Ìyá Sùlìá
Kò dalẹ́. Ìyá Fáúsì ti lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti dé, ó jókòó síta, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà tó wọlé. Ó kàn ní kí Sùlìá béèrè lọ́wọ́ mi pé aago mélòó la ó gbéra.