Creatine yìí fi kílò kún mi, ṣé kí n dá a dúró kí n tó lọ gun àpáta gíga?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gun àpáta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. 64 kg ni mí tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ creatine, èròjà tí àwọn eléré ìdárayá máa ń lò kí iṣan wọn lè lágbára, 20 g lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà 5 g, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì mo ti di 65.5 kg. Mo mọ̀ pé omi ló ń fà wọnú iṣan, kì í ṣe ọ̀rá, àmọ́ ìka mi náà ló máa gbé e ròkè.

Lórí àpáta kúkúrú tó le, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, tí mo bá já bọ́ mi ò nílò ìsinmi púpọ̀ kí n tó tún gbìyànjú. Wàhálà ibẹ̀ ni àpáta gíga, èyí tó ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, apá mi á ti le gbagidi kí n tó dé ìdajì.

Mo ti dín in kù sí 3 g, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo tún dín oúnjẹ kù, ìyẹn ló burú jù, oorun ò wá mọ́, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo yáa padà sídìí oúnjẹ mi.

Ọ̀sẹ̀ 6 ló kù kí n lọ gun èyí tó gùn jù. Mo kà pé ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí creatine inú iṣan tó padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá ti dá a dúró rí tó sì ń wọn ara ẹ̀: ọ̀sẹ̀ kelòó ni kílò yẹn lọ, ṣé agbára náà bá a lọ?