Iṣẹ́ ìjọ fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́wọ́ mi, ẹ gbà mí o

Aránṣọ Adó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé òru ni mò ń kọ ọ́, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdí fi jókòó. Aránṣọ ni mí ní Adó-Èkìtì, èmi náà sì ni olórí ìdáná ní ìjọ wa. Ìkórè dé, èmi ni. Àlejò oníwàásù dé, èmi ni. Wọ́n sìnkú, wọ́n sọmọ lórúkọ, èmi náà ni. Sátidé tó kọjá, ìdí odó ni mo wà tí ìyá ìyàwó kan fi wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Búbà tí ó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò tíì ní apá ọ̀tún. Ó sọ̀rọ̀ sí mi lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti arábìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní kókó wà nínú rẹ̀. Kókó! Nínú iyán tí èmi gún! Èmi kan náà ni mo bá a wé gèlè orí rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kò dúpẹ́.

Tí mo bá ní mi ò lè wá, ìyàwó pásítọ̀ á ní, "Ọlọ́run lo ń ṣe é fún o." Báwo ni mo ṣe máa sọ pé ó tó, tí mi ò ní ṣẹ Ọlọ́run?

Ìyá Ìbejì, Ìjerò: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ohun tí ojú èmi rí nínú ẹgbẹ́ akọrin kò ṣeé kà tán. Owó àjọ mi ni wọ́n fi ra dùùrù, wọ́n ní ìjọ á dá a padà. Dùùrù ti bàjẹ́, ẹni tó gba owó ti kó lọ sí Ìbàdàn, ọkọ mi ò sì tíì dẹ́kun ọ̀rọ̀ náà. Ṣáà máa sinmi.

Tísà Ìkọ̀lé: Ẹ ka Ẹ́kísódù 18. Mósè ń dájọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Jẹ́tírò, àna rẹ̀, ní ohun tó ń ṣe kò dára, á rẹ Mósè, á sì rẹ àwọn èèyàn náà. Ó ní kó yan olórí ẹgbẹ̀rún, ti ọgọ́rùn-ún, ti àádọ́ta, ti mẹ́wàá, kí ẹjọ́ kéékèèké má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ta ló ń bá yín gún iyán?

Díákónì Ẹ̀fọ̀n: Àwọn obìnrin ìsinsìnyí! Láti ìsọjí Òkè Oòyè ní Iléṣà ní 1930 títí Bàbá Babalọlá, wòlíì tó ṣáájú ìsọjí náà, fi sùn nínú Olúwa ní 1959, ta ló gbọ́ pé Bàbá ní ó rẹ àwọn?

Ọmọ Ọlọ́kadà: Díákónì, ìlú yín ni wọ́n sin Bàbá sí, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ bí àlejò. Bàbá a máa gun orí òkè lọ gbàdúrà, èrò á sì dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín, ìgbà wo lẹ gbá ọmọ odó mú gbẹ̀yìn?

Díákónì Ẹ̀fọ̀n: Ẹnu rẹ gùn. Àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀.

Aránṣọ Adó: Tísà, wọ́n fún mi ní ọmọbìnrin méjì. Mo dá wọn padà. Iṣu ò tíì fọ́ tí wọ́n ti ń ta omi sí i. Orúkọ mi ló wà lára iyán yẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò: Háà! O ní ẹni tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́, o lé wọn!

Aránṣọ Adó: Mi ò lé wọn o, ìyá mi. Mo ní kí wọ́n máa fọ abọ́ ná ni.

Tísà Ìkọ̀lé: Ẹ pè wọ́n padà. Kí wọ́n gún, kí ẹ dúró tì wọ́n. Kí ẹ sì bá ìyàwó pásítọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí kò sí ìnáwó kankan, pé Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí ìgbà yẹn ni oníbàárà ń gba aṣọ. Ẹ má fi àìsàn parọ́. Tí ẹ bá parọ́ lónìí, ẹ máa wá òmíràn lọ́jọ́ mìíràn.

Aránṣọ Adó: Kò rọrùn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn. Yàrá méjì tí à ń gbé, ti ìjọ ni. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, a ò sanwó ilé.

Ọmọ Ọlọ́kadà: Ẹ ẹ̀n! Ẹ ò wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀!

Díákónì Ẹ̀fọ̀n: Mo ní ohun kan wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé ọ̀fẹ́, kò yẹ kó máa ráhùn iyán.

Tísà Ìkọ̀lé: Díákónì, ẹ rọra. Arábìnrin, ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún yín rí pé iyán ni owó ilé?

Aránṣọ Adó: Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi ni mo mọ̀.

Tísà Ìkọ̀lé: Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ lọ bá pásítọ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ìjọ ń retí lórí ilé náà. Tó bá jẹ́ àánú ni, àánú ni, kí ẹ máa ṣe ìwọ̀n tí agbára yín gbé. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi dípò owó, kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa pọ̀ tó, kí akọ̀wé ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbèsè tí ẹnìkan ò sọ iye rẹ̀, ẹ lè san án títí ayé.

Aránṣọ Adó: Mo gbọ́, màá bá ọkọ mi sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ràn kéèyàn máa dárúkọ ilé yẹn. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọbìnrin yẹn bá ba iyán jẹ́ níwájú àlejò, ta ni wọ́n máa bú?

Ìyá Ìbejì, Ìjerò: Àwọn tó gún un ni. Lọ sùn.