Kí ni kí n kọ síbi máàkì àṣekágbá tí mi ò tíì ní?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ níbí ni mo wà, Pátì Fọ́ọ̀ tó jẹ́ ọdún àṣekágbá mi, Kẹ́mísìrì ni mò ń kà, mo sì fẹ́ gba fọ́ọ̀mù másítàsì sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni púpọ̀ nínú wọn ń ti fọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn a ò tíì ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn, prójẹ́ẹ̀tì gan-an ṣì wà ní láàbù. CGPA mi (ìpíndọ́gba gbogbo máàkì mi) títí dé ìparí Pátì Tírì jẹ́ 4.38 nínú 5, ẹ sáà mọ̀ pé 4.50 ni fọ́ọ̀sì kíláàsì ti ń bẹ̀rẹ̀, ọdún yìí ló lè gbé mi débẹ̀ (tàbí kó wọ́ mi wálẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́).

Fọ́ọ̀mù kan wá ń béèrè "final GPA", ìyẹn máàkì àṣekágbá, kò sì gbà kí n fo ibẹ̀. Mo ti ka ìlànà wọn látòkè délẹ̀, wọ́n kàn ní ká fi transcript (ìwé tí iléèwé fi ń to gbogbo máàkì èèyàn) tó wà lọ́wọ́ ránṣẹ́ ni. Bọ̀dá kan tó ti lọ ṣáájú ní kí n kọ èyí tí mò ń retí, ọ̀gá tó ń bójú tó prójẹ́ẹ̀tì mi ní kí n má dán an wò, pé nọ́ńbà tí kò bá sí nínú transcript, irọ́ ni wọ́n máa kà á sí lọ́jọ́ tí èyí tó pé bá dé. Ti ọ̀gá yìí lọkàn mi ń fà sí. Mo tún ro ó pé kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ agùnbánirọ̀ ni màá jẹ́ nígbà yẹn, ta ló mọ ibi tí wọ́n máa gbé mi lọ.

Ṣé kí n kọ 4.38 yẹn síbẹ̀, kí n wá ṣàlàyé níbòmíì nínú fọ́ọ̀mù pé ọdún àṣekágbá ṣì ń lọ lọ́wọ́, àbí báwo lẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí ṣe kọ tiyín? Ẹ ṣé o, mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.