Ẹ̀ṣọ́ Tẹ́ḿpìlì ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Temple Church sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn àwọn Knights Templar, ẹgbẹ́ ológun onísìn Kristẹni ayé àtijọ́. Ẹnìkan dá "Ẹlẹ́ṣin Tẹ́ḿpìlì" lábàá, ẹlòmíràn ní "Ọmọ-ogun Ṣọ́ọ̀ṣì". Èmi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ọmọ-ogun lè gbowó, kó gbéyàwó, kó sì kọ́lé tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn kò ní fẹ́yàwó, àwọn kò ní ní ohun ìní kankan, ohun tí ọ̀gá wọn bá sì sọ labẹ gé. "Ẹlẹ́ṣin" sàn díẹ̀, torí orí ẹṣin ni wọ́n ti ń jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo èdìdì wọn: ológun méjì ló jókòó sórí ẹṣin kan ṣoṣo. Létí Yorùbá, ọlá ni ẹlẹ́ṣin ń dún bí, bẹ́ẹ̀ òtòṣì ni àwọn wọ̀nyí pe ara wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ló yẹ ká wò. Ní nǹkan bí ọdún 1119, Hugues de Payens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ ní Jerúsálẹ́mù láti máa ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò ìsìn lọ́wọ́ ọlọ́ṣà. Ọba Baldwin Kejì fún wọn níbùgbé ní Mọ́ṣáláṣí Al-Aqsa, tí àwọn Kristẹni ìgbà náà kà sí Tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ọ̀yọ́ àtijọ́ sì ti ní Ẹ̀ṣọ́, oyè àwọn akọni ológun. Ta ni kò mọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí? Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lòun ń rántí, ojú ọ̀nà náà ni àwọn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ Tẹ́ḿpìlì, ó parí.

Ní ti Temple Church fúnra rẹ̀, "ṣápẹ́ẹ̀lì" tó, torí inú ọgbà tiwọn ló wà. Heraclius, pátíríákì (olórí bíṣọ́ọ̀bù) Jerúsálẹ́mù, ló yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1185. Róbótó ni wọ́n kọ́ ọ, bí ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, ìyẹn ibojì Jésù, ní Jerúsálẹ́mù. Ẹni tó bá ń túmọ̀ má ṣe fo "róbótó" yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ ká yọ "Tẹ́ḿpìlì" kúrò. Lẹ́yìn tí Póòpù Clement Karùn-ún tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1312, àwọn Hospitaller, ẹgbẹ́ ológun onísìn mìíràn, ló jogún ilẹ̀ náà, àwọn agbẹjọ́rò sì háyà níbẹ̀. Ní 1608, Ọba James Kìíní fi í fún Inner Temple àti Middle Temple, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò méjì tó wà níbẹ̀. Inner Temple yìí ni Sapara Williams ti di lọ́yà ní 1879, ibẹ̀ náà ni Awólọ́wọ̀ ti di lọ́yà ní 1946. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìtàn wọn yẹ kó mọ tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ń wí.

Èyí tó kù ni orúkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sergeant, àwọn tó ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀ṣọ́, àmọ́ tí wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí aṣọ funfun alágbèélébùú pupa tí Ẹ̀ṣọ́ ń wọ̀. Mo dá "Ọmọ-ẹ̀yìn Ẹ̀ṣọ́" lábàá. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.